Ọ̀SÀ Ọ̀JỌ́: Ọ̀NÀ ÀWỌN BABA WA

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí sí Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ni kò mọ ilẹ̀ yìí ju ojú títì, ibùdókọ̀ àti ọjà Alaba lọ. Bí àlejò bá bi wọ́n léèrè ibi tí ojú ìlú wà, ọ̀nà márosẹ̀ ni wọn yóò nawọ́ sí. Ní ayé àwọn baba wa, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Iwájú ìlú ni ọ̀sà wà, ẹ̀yìn ìlú ni oko wà, ojú omi ni àlejò sì ń gbà wọlé. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ díẹ̀ sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa nípa omi yìí, kí ẹwà rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ má baà parẹ́ mọ́ wa lójú.

Ìtàn tí àwa Àwórì jogún fi yé wa pé, nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnmínire kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àwo kan ni ó gbé lé ojú omi, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé Ìṣẹrí lẹ́bàá odò Ògùn, àwo náà rì. Láti inú ọ̀rọ̀ náà, “àwo rì”, ni a ti rí orúkọ wa. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti fọ́n ká, tí àwọn kan sì tẹ̀dó sí ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkó títí dé etí ọ̀sà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ kíyè sí i pé omi ni ó fi ibùgbé han àwọn baba wa.

Ọ̀sà yìí kì í ṣe òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ iyanrìn tí igi àgbọn kún orí rẹ̀ nìkan ni ó là wọ́n láàárín. Ní ìhà òkun, ìgbì ń ru, ó ń bú ramúramù tọ̀sán-tòru. Ní ìhà ọ̀sà, omi tòrò minimini, tí ẹnì kan ṣoṣo fi lè fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Láti Àjàṣẹ́, kọjá ní Àgbádárìgì àti Ọ̀jọ́, títí dé Èkó, ènìyàn lè wa ọkọ̀ lọ láìfojú kan ìgbì òkun rárá. Ní etí omi náà ni igi ẹ̀gbà wà, tí gbòǹgbò rẹ̀ nàró sórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ eléré àgẹrẹ. Láàárín àwọn gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ti ń sá pamọ́ títí wọn yóò fi dàgbà. Àwọn gbòǹgbò yìí kan náà ni ó di etí bèbè mú kí omi má baà jẹ ẹ́ lọ.

Omi yìí ní ìgbà tirẹ̀. Nígbà òjò, odò láti òkè a máa ya wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì dínkù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa gba ẹnu Èkó wọlé, omi a sì tún níyọ̀. Bí omi ti ń yí padà ni ẹja ń yí padà. Ní ọdún 1984, koríko omi kan tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, tí òdòdó rẹ̀ jọ àwọ̀ àlùkò, gba ìhà Àjàṣẹ́ wọ inú ọ̀sà, ó sì bo ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kò fi rọ́nà kọjá. Iyọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń pa á. Bí òjò bá sì tún dé, á tún hù.

Iṣẹ́ ẹja ni ó so àwa àti àwọn Ègùn aládùúgbò wa pọ̀. Àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè ni irinṣẹ́. Ẹpìyà, òbòkún àti edé ni èrè. Àwọn ọkùnrin ń dẹ omi, àwọn obìnrin ń yan ẹja, wọ́n sì ń gbé e lọ sọ́jà, níbi tí ará oko ti ń gbé ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wá pàdé wọn. Bí àwa ti ní Orò àti Egúngún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ègùn ní Sàngbétò tí ń ṣọ́ ìlú lóru. Títí di òní, ọkọ̀ ojú omi ni ń gbé èrò láti èbúté Ọ̀jọ́ lọ sí Irewe àti àwọn ìletò tó wà lórí erékùṣù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun dídùn nìkan ni omi yìí rí. Àgbádárìgì jẹ́ ọjà ẹrú fún ọjọ́ pípẹ́, ọ̀sà sì jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí a ń gbà kó wọn. Àgbádárìgì kan náà ni Clapperton gúnlẹ̀ sí ní 1825. Ibẹ̀ ni Thomas Birch Freeman mú ìyìn rere wọ̀ ní 1842, tí Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther sì dé ní 1845. Ní ọdún 1845 yìí kan náà ni Kòsọ́kọ́ lé Ọba Akítóyè kúrò ní Èkó, Àgbádárìgì sì di ibi ìsádi rẹ̀ kí ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dá a padà sórí ìtẹ́ ní oṣù December 1851. Ní 1861 Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1863 ó kan Àgbádárìgì. Àárín ìlú méjèèjì yìí ni Ọ̀jọ́ wà, nítorí náà kò sí ìròyìn ogun tàbí ti ọjà tí kò gba iwájú wa kọjá.

Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì dé ní àwọn ọdún 1970. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, a sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 598,071 ènìyàn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́. A dúpẹ́ fún ìlọsíwájú wọ̀nyí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ti ibẹ̀ di ènìyàn. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí títì ti dé ni ìlú ti kẹ̀yìn sí omi, ohun tí ènìyàn bá sì kẹ̀yìn sí, ojú rẹ̀ kì í tó o mọ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. A ń wa yanrìn nínú ọ̀sà, omi ń jìn ju bó ti yẹ lọ, bèbè sì ń ya. A ń gé ẹ̀gbà fún igi ìdáná, a ń fi ilẹ̀ kún ibi tí ó ti ń hù láti fi kọ́lé. Ìdọ̀tí ọjà àti àwọn ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, tí wọ́n ń dáná sun, ń ṣàn wọ inú omi bí òjò bá rọ̀. Apẹja tí baba rẹ̀ ń dẹ àwọ̀n lẹ́yìnkùlé ní láti wakọ̀ lọ jìnnà kó tó rí ohun tí yóò mú wálé.

Kì í ṣe àsọdùn bí a bá wí pé àwọn baba wa mọ bí a ti ń ṣọ́ nǹkan. Igbó Orò tí a kò gbọdọ̀ ṣẹ́ igi rẹ̀ jẹ́ òfin tí kò nílò ọlọ́pàá. Ní ayé tiwa, a ti rí àpẹẹrẹ ní Lẹ́kí, níbi tí a ti ya hẹ́kítà 78 sọ́tọ̀ ní 1990 fún igi, ọ̀bọ àti ẹyẹ, tí àwọn àlejò sì ń sanwó wọ ibẹ̀. Ní Ganvié, lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin, àwọn tí baba wọn sá fún àwọn akẹ́rú ṣì ń gbé lórí omi, gbogbo ayé sì ń lọ wò wọ́n. Ọ̀sà tiwa kò kéré sí èyíkéyìí nínú wọn ní ẹwà tàbí ní ìtàn.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ nílé àti lẹ́yìn odi pé kí a jùmọ̀ lọ bá àwọn ọba wa àti ìjọba ìbílẹ̀, kí a lè ya apá kan nínú ẹ̀gbà tó kù sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gé e, kí a má sì wa yanrìn lẹ́bàá rẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ máa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí èbúté, kí wọ́n kọ́ orúkọ ẹja, ti igi àti ti àwọn ìletò tó wà níwájú wọn. Kí a gba ìtàn lẹ́nu àwọn apẹja àgbà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ti Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko gbẹ. Àmín.