Ihò Lára Obì, Kòkòrò Nínú Obì

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ọ̀tá ilé ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí bá wí: àbúrò tó ń ta ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn, ọ̀rẹ́ tó ń tú àṣírí ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá olóbì léèrè, ẹ ó gbọ́ ìtumọ̀ mìíràn. Obì kan ní ihò lára, kòkòrò sì ti jẹun yó, ó ti dáhò jáde lọ. Òmíràn ní ihò, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Òmíràn sì wà tí ara rẹ̀ ń dán, tí kò ní ihò kankan, tí ìdin ti ń ba inú rẹ̀ jẹ́ jẹ́ẹ́. Àfi kéèyàn pa á kó tó mọ̀.

Ohun tí àwọn oníláàbù ń bá ẹ̀jẹ̀ wa fà nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń wá fáírọ́ọ̀sì, ilẹ̀ Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ayé mọ Igbó-Ọrà mọ ìbejì. Àwọn onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n mọ nǹkan mìíràn. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera rẹ̀ ní Ìbàràpá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wá gbé ní Igbó-Ọrà láti kọ́ṣẹ́ láàárín ará oko. Ní 1966, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọ́n sì sọ ọ́ ní fáírọ́ọ̀sì Igbó-Ọrà, orúkọ tí ìlú kò tọrọ. Ara gbígbóná, orí fífọ́, oríkèé ríro àti ara sísú ni irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ń mú wá. Ta ni yóò rí i tí kò ní pè é ní ibà, kó sì gbé agbo kaná?

Láyé ìgbà náà, láti mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ṣì wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gún ẹ̀jẹ̀ náà sí ọpọlọ ọmọ eku tó ṣì ń mu ọmú. Bí eku bá ṣàìsàn tàbí tó kú, wọ́n á mú nínú ọpọlọ rẹ̀, wọ́n á gún un fún òmíràn, títí wọn yóò fi dá ohun tó ń pa wọ́n mọ̀. Iṣẹ́ ìkà ni lójú mi, ṣùgbọ́n kò fi àyè iyàn sílẹ̀. Àkókò nìkan ni ìṣòro rẹ̀: irú fáírọ́ọ̀sì yìí kì í sábà ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́wàá mu agbo kó tó dé ọsibítù ti pẹ́ jù.

Ohun tí wọ́n máa bá lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ara, tí ara fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ láti fi jà. Ihò ni wọ́n, wọn kì í ṣe kòkòrò. Àwọn kan ń tètè yọjú, wọ́n sì ń tètè kúrò, nítorí náà rírí wọn ń sọ pé ìjà náà kò tíì pẹ́. Àwọn yòókù lè bá èèyàn dọ́jọ́ alẹ́. Wọ́n sì máa ń ṣini lọ́nà: èyí tó bá fáírọ́ọ̀sì chikungunya jà lè di fáírọ́ọ̀sì o'nyong-nyong mú bákan náà. O'nyong-nyong yìí ló bẹ́ sílẹ̀ ní Uganda ní 1959, tó mú nǹkan bí mílíọ̀nù méjì èèyàn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀fọn tó ń kó ibà ranni gan-an ló ń gbé e kiri. Nígbà tí wọ́n ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì Igbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i pé o'nyong-nyong náà ni.

PCR, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ẹ̀rọ wá àbùdá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ló wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ eku. Kary Mullis ará Amẹ́ríkà ló ronú kàn án ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1993. Ẹ̀rọ náà á sọ ègé àbùdá kan di méjì, méjì á di mẹ́rin. Tó bá fi máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 30, ẹyọ kan ti lé ní bílíọ̀nù kan.

Ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ mẹ́dọ̀wú C ṣì máa ń ní ọmọ ogun rẹ̀ lára. PCR ló ń yọ ọ́ nínú àhesọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó HIV lè gba èsì "kò sí" nínú tẹ́ẹ̀sì tó ń wá ọmọ ogun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ara ọmọ tuntun ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Láti inú oyún ni ìyá tó ní HIV ti ń fún ọmọ ní ọmọ ogun ara tirẹ̀. Tí wọ́n bá fi tẹ́ẹ̀sì kíákíá, tó jẹ́ pé ọmọ ogun ló ń wá, yẹ ìbejì irú ìyá bẹ́ẹ̀ wò, ó lè ní àwọn méjèèjì ní in, kó sì jẹ́ pé Táíwò nìkan ló kó o, tàbí kó má sí ẹni tó kó o nínú wọn. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gún gìgísẹ̀ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà, tí wọ́n ń jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ PCR wà. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ kò béèrè yìnyín lọ́nà.

Bí èsì bá ní kòkòrò wà, oògùn bẹ̀rẹ̀ láìjáfara, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn láti fi jẹ́rìí. Bó bá ní kò sí, ọmú ṣì wà níwájú, nítorí náà wọ́n á tún yẹ ọmọ náà wò lẹ́yìn tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú. Ó di nǹkan bí oṣù 18 kí ọmọ ogun ìyá tó tán lára ọmọ. Ìgbà yẹn ni tẹ́ẹ̀sì kíákíá tó lè sọ ti ọmọ fúnra rẹ̀.