Àpótí Ìbò Ẹ̀bá Ọ̀nà

Lọ́dún 1985, gbèsè ti wọ Nàìjíríà lọ́rùn, owó epo ò tó nǹkan mọ́, ìjọba Babangida wá ní kí ará ìlú sọ tẹnu wọn: ṣé ká yáwó lọ́wọ́ IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, àbí ká má yá a? Àríyànjiyàn náà gba ìlú kan. Ohùn tó pọ̀ jù ni pé a ò fẹ́. Nínú oṣù Kejìlá, ìjọba kéde pé òun ti gbọ́. Ọdún ò tíì yípo tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, fi dé, tòun ti ohun tí àwọn ayánilówó ọ̀hún ń bèèrè gan-an. Náírà já wálẹ̀, ọjà gbówó lórí, títí ìgboro fi dàrú lọ́dún 1989, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Ó ń dùn mí dòní. A sọ̀rọ̀ tán, a wá gbé e fún ìjọba kó bá wa kà á.

Àwọn ará Cochabamba ní Bòlífíà kà á fúnra wọn. Ìjọba ti gbé omi ìlú wọn fún ilé iṣẹ́ àwọn àjèjì lọ́dún 1999, owó omi sì fò sókè. Oscar Olivera, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàtà, wà lára àwọn tó ṣáájú. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2000, wọ́n gbé àpótí ìbò síta, nǹkan bí 50,000 ènìyàn dìbò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní kí ilé iṣẹ́ náà máa lọ. Ìjọba ní ìbò náà ò sí nínú òfin. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti rí i pé aládùúgbò òun tẹ̀ka síbi tí òun tẹ̀ka sí kò tún ní rò pé òun nìkan ni ìyà ń jẹ. Nínú oṣù Kẹrin, wọ́n dí gbogbo ọ̀nà pa. Wọ́n yìnbọn pa ọmọ ọdún 17 kan kí ìjọba tó fagi lé àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ náà.

Ti Argẹntínà ló gbòòrò jù. Lọ́dún 2001, àìríṣẹ́ ti di àrùn, ìjọba sì ti ti owó àwọn ènìyàn mọ́ báńkì: péésò 250 péré lèèyàn lè gbà lọ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ CTA àtàwọn ẹgbẹ́ mìíràn para pọ̀ di FRENAPO, wọ́n ní kí ìjọba máa fún olórí ìdílé tí kò níṣẹ́ ní péésò 380 lóṣù. Láti ọjọ́ 14 sí ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn tó dìbò sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ 19, ebi dá ìlú rú, àwọn ìyàwó ilé ń lu ìkòkò lójú pópó. Lọ́jọ́ 20, ààrẹ De la Rúa kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó bá hẹlikópútà lọ. Ó lé ní 30 ènìyàn tó kú. Nígbà tó di 2002, ìjọba ààrẹ Duhalde bẹ̀rẹ̀ sí í san péésò 150 fún àwọn olórí ìdílé aláìníṣẹ́. Kò tó ìdajì ohun tí wọ́n dìbò fún, péésò fúnra rẹ̀ sì ti já. Síbẹ̀, inú àpótí ẹ̀bá ọ̀nà ni èrò náà ti gba agbára.

Ní Thessaloniki, nígbà tí gbèsè ń dà Gíríìsì láàmú, ìjọba fẹ́ ta ilé iṣẹ́ omi. Lọ́jọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ọjọ́ ìbò ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ò jẹ́ kí àwọn ará ìlú gbé àpótí tiwọn wọ ibùdó ìdìbò. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ìta. Ó lé ní 218,000 ènìyàn tó yà síbẹ̀, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì ní rárá. Títà náà kò wáyé.