Àgbọn nínú Ìkòkò Wa: Ìtàn Oúnjẹ tí ó Gba Orí Òkun Dé

Bí ènìyàn bá béèrè bí omi ṣe dé inú àgbọn, èsì àwọn àgbà ni pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí àgbọn fúnra rẹ̀ ṣe dé ilẹ̀ wa, ìtàn lè dáhùn rẹ̀. Ó sì yẹ kí a béèrè, nítorí pé ohun tí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu wa, kíá ni a ń pè é ní ohun ìṣẹ̀dálẹ̀.

Igi àgbọn kì í ṣe igi ìbílẹ̀ ní etíkun wa. Lẹ́yìn tí Vasco da Gama ti dé Íńdíà ní 1498, àwọn Potogí kó àgbọn láti etí Òkun Íńdíà wá sí erékùṣù Cape Verde. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ìwádìí tí Gunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011, lórí igi tí ó lé ní 1,300, gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Kí àgbọn tó dé, ọ̀pẹ ti ń fún wa ní epo, àdín, ẹmu àti ikin.

Oúnjẹ àwọn ará Òkè-Ìmẹ̀sí jẹ́rìí sí i. Ní ìlú olókè tí ó jìnnà sí òkun yìí, iyán ni olórí oúnjẹ, epo pupa ni a sì fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀. Àgbọn kì í sábà wọ inú ìkòkò níbẹ̀: ìpanu ni, tí a ń fi jẹ àgbàdo tàbí tí a ń fi mu gààrí. Ṣùgbọ́n ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, níbi tí iyanrìn etíkun ti bá igi náà lára mu, wọn a rin ín, wọn a fún oje rẹ̀ láti fi se ìrẹsì àti ẹ̀wà, wọn a sì se oje náà títí tí yóò fi di àdín àgbọn.

Síbẹ̀, igi kì í kọ́ ènìyàn ní oúnjẹ sísè. Lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà ni Èkó ti kọ́ púpọ̀ nínú ọgbọ́n yìí. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Yorùbá dì ní Bàhíà ní 1835, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti gba òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Àwọn mìíràn sì tún dé lẹ́yìn tí oko ẹrú parí pátápátá ní Bùràsíìlì ní 1888. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, wọ́n sì mú fùréjọ̀n wá, oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere. Láti inú feijão, èyí tí í ṣe ẹ̀wà ní èdè Potogí, ni orúkọ náà ti wá. A ó se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì po oje àgbọn, ṣúgà àti kànáfùrù mọ́ ọn. Ọbẹ̀ ẹja ni a ń fi jẹ ẹ́. Ní Bàhíà pẹ̀lú, wọ́n ń fi oje àgbọn se ẹ̀wà ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Àkàrà wa sì wà níbẹ̀ títí di òní, tí wọ́n ń pè ní acarajé.

Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìyí, kí ni ó kan Èkìtì? Ó kàn án. Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí Ogun Kírìjì fi bẹ́ sílẹ̀, èyí tí àdéhùn ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 parí. Ní àkókò ogun náà, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó ti oko ẹrú dé Èkó kó ara wọn jọ, wọ́n sì ra ìbọn ránṣẹ́ sílé. Philip Jose Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti Bùràsíìlì dé, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Àwọn ọmọ ilẹ̀ òkè wa pàápàá rékọjá òkun, wọ́n sì padà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àgbọn ti wà pẹ̀lú wa láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Kí ó má sì ṣe sọ pé oúnjẹ àjèjì lásán ni fùréjọ̀n. Àlejò ni igi náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tí ó sọ èso rẹ̀ di oúnjẹ. Kí àwọn tí ń kọ ìtàn ààfin àti ti ojú ogun sílẹ̀ yà sí ilé ìdáná pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ìyá tí ó mọ̀ ọ́n sè ṣì wà láti dáhùn.