Agbẹjọ́rò Àjàṣẹ́ tí ó jókòó ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà ní kíláàsì àgbà wa, ẹ jókòó ti ìwé yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí gbólóhùn kan bá gùn jù, ẹ sinmi, kí ẹ tún un kà.

Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀wà ní Parakou ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó wo tẹlifíṣọ̀n nílé ọmọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò kan ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní agbẹjọ́rò náà ti ṣe mínísítà rí, ó sì ti ṣojú ìjọba ní òkè òkun. Nígbà tí ìyá náà dé kíláàsì, ó bi mí pé: “Ọmọ mi, iṣẹ́ mélòó ni ọkùnrin yìí ń ṣe? Àbí ẹnu kan náà ni ó ń gbé kiri?”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí n kò ní èsì kankan lẹ́nu. Ìyá, èsì yín nìyí. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹ má bínú.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ rẹ̀ ni Louis Ignacio-Pinto. Òun kì í ṣe ènìyàn tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 1978 ni tẹlifíṣọ̀n dé orílẹ̀-èdè wa, nígbà tí òun ti di àgbàlagbà ẹni ọdún 75. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà yòókù tí ìyá náà ń bèèrè, ó rìn wọ́n tán: ó ṣe agbẹjọ́rò, ó ṣe òṣèlú, ó ṣe aṣojú ìjọba, ó sì parí rẹ̀ sí ipò adájọ́.

Àjàṣẹ́ tí a tún ń pè ní Porto-Novo ni wọ́n bí i sí, ní 1903. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn Àgùdà ń jẹ́, àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wá sí etí òkun wa. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní ilẹ̀ Faransé, ó sì di agbẹjọ́rò nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ọmọ Dahomey. Dahomey ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa nígbà náà. Ní 1975 ni a yí i padà sí Benin.

Àwọn àgbà tí ó wà láàrin wa gbọ́ nípa iṣẹ́ àfipáṣe lẹ́nu bàbá wọn: ìjọba Faransé yóò wá sí abúlé, yóò kó àwọn ọkùnrin lọ la ọ̀nà, kò sí owó gidi, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ̀. Òfin tí ó fi òpin sí i jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1946. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, òfin mìíràn sọ gbogbo àwọn tí ó wà lábẹ́ Faransé di ọmọ ìlú tí ó ní ẹ̀tọ́. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n yàn sí ilé aṣòfin ní Paris ni wọ́n jà fún òfin méjèèjì. Láti 1947 títí di 1955, Ignacio-Pinto náà jókòó ní Paris gẹ́gẹ́ bí aṣòfin àgbà fún Dahomey. Lẹ́yìn náà ó padà wálé, ó sì ṣe mínísítà kí òmìnira tó dé.

Òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, wọ́n gba Dahomey wọ Àjọ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ní New York, èyí tí rédíò ń pè ní ONU. Orílẹ̀-èdè 17 ni ó wọlé lọ́dún yẹn, 16 nínú wọn jẹ́ ti Áfíríkà. Ignacio-Pinto ni ìjọba rán lọ síbẹ̀ láti ṣojú wa, ó sì wà níbẹ̀ di 1967. Nínú àpéjọ ńlá ONU, orílẹ̀-èdè kan, ìbò kan ni. Dahomey tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta ní ìbò kan. Amẹ́ríkà náà ní ìbò kan.

Iṣẹ́ aṣojú kò rọrùn. Ohun tí ìjọba ilé bá sọ ni kí ó sọ. Ṣùgbọ́n ìjọba ilé wa nígbà yẹn kì í jókòó pẹ́. Àwọn ọmọ-ogun gbàjọba ní 1963, wọ́n tún gbà á ní 1965, wọ́n sì tún gbà á ní 1967. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní New York, orí ìbá fọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀ràn tí ó mú kí n kọ ìwé yìí. Ọ̀ràn ilẹ̀ ni.

Ọkùnrin kan kú. Ó fi ọmọ kékeré kan àti oko kan sílẹ̀. Ẹbí pe ẹnì kan, wọ́n ní: “Ìwọ ni alágbàtọ́ ọmọ yìí. Máa tọ́ ọ, máa bá a ro oko. Bí ó bá dàgbà, kí o gbé oko rẹ̀ fún un. Lọ́dọọdún, kí o wá jíyìn fún wa.” Bí alágbàtọ́ bá jẹ́ olóòótọ́, ọmọ yóò yè. Ṣùgbọ́n oríṣi kejì wà, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Yóò ro oko náà títí yóò fi gbàgbé pé oko olóko ni.

Ní 1884, àwọn ará Jámánì gba Togo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n gba Kamẹrúùnù, wọ́n sì gba ilẹ̀ kan létí òkun ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, èyí tí à ń pè ní Namibia lónìí. Ilẹ̀ náà gbẹ, ṣùgbọ́n dáyámọ́ńdì wà nínú yanrìn rẹ̀. Nígbà tí Jámánì pàdánù ogun 1914 sí 1918, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nígbà náà fi àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí sọ́wọ́ alágbàtọ́. Togo àti Kamẹrúùnù bọ́ sọ́wọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Namibia bọ́ sọ́wọ́ South Africa.

Kamẹrúùnù apá Faransé gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní ọdún 1960. Togo apá Faransé gbà á ní oṣù kẹrin ọdún náà. Namibia nìkan ni alágbàtọ́ rẹ̀ kọ̀ láti tú sílẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun tí ó ń ṣèjọba South Africa ní: “Àjọ tí ó gbé ọmọ fún wa ti kú. ONU kì í ṣe òun. A kò ní ẹni tí a ó jíyìn fún.” Òfin ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ tí wọ́n ń ṣe nílé wọn, wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, Etiópíà àti Liberia gbé South Africa lọ sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé. Ìlú La Haye ní ilẹ̀ Hólàǹdì ni ilé-ẹjọ́ náà wà. Adájọ́ 15 ni ó ń jókòó níbẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, kò sì gbọdọ̀ sí méjì láti orílẹ̀-èdè kan náà. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ àwọn méjèèjì yẹn ni ó pẹjọ́? Nítorí pé àwọn ti wà nínú àjọ àtijọ́ tí ó yan alágbàtọ́. Àwa kò tíì jẹ́ orílẹ̀-èdè nígbà náà.

Ẹjọ́ náà gba nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ní 1962 ilé-ẹjọ́ ní òun lè gbọ́ ọ, wọ́n sì ń rojọ́ lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 1966, adájọ́ kan ti kú, òmíràn ń ṣàìsàn, ẹ̀kẹta kò bá wọn jókòó sí ẹjọ́ náà. Pẹ̀lú àwọn adájọ́ tí àwọn olùpẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ yàn kún wọn, ó ku 14. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje, wọ́n dìbò. Méje síhìn-ín, méje sọ́hùn-ún. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, olórí ilé-ẹjọ́ ni ó ní àṣẹ láti tún ìbò dì. Sir Percy Spender ará Australia ni olórí. Ó dìbò lẹ́ẹ̀kejì, South Africa sì borí.

Ẹ wo ohun tí ìdájọ́ náà sọ. Kò sọ pé alágbàtọ́ jàre. Ohun tí ó sọ fún Etiópíà àti Liberia ni pé: “Kò kàn yín.” Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà! Ó dà bí ẹni tí ó gba ẹjọ́ ọmọ òrukàn dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Baálẹ̀ fi ọdún mẹ́fà gbọ́ ọ, ó wá ní: “Ìwọ ha jẹ́ ìbátan ọmọ náà bí?” Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ṣì ń bí mi nínú.

Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, oṣù kẹjọ ọdún 1966, àwọn ọmọ Namibia bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn jà.

Ní New York, àwọn aṣojú Áfíríkà kò dákẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n mú ọ̀ràn náà wá síwájú àpéjọ ńlá ONU. Àwọn orílẹ̀-èdè 114 dìbò pé alágbàtọ́ ti ba iṣẹ́ jẹ́, kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Dahomey wà nínú 114 náà. Orílẹ̀-èdè méjì péré ni ó kọ̀: South Africa fúnra rẹ̀ àti Potogí. Mẹ́ta ní àwọn kò sí níhìn-ín, àwọn kò sí lọ́hùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Malawi.

South Africa kò jáde. Àwọn ọmọ Áfíríkà sì ti rí i pé ó ṣe pàtàkì kí á mọ àwọn tí ó jókòó lórí àga ìdájọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò yan àwọn adájọ́ tuntun, Louis Ignacio-Pinto wà nínú wọn. Ó jókòó ní La Haye láti ọdún 1970. Ó bá Isaac Forster ará Senegal àti Charles Onyeama ará Nàìjíríà níbẹ̀.

Ní ọdún yẹn gan-an ni Ìgbìmọ̀ Ààbò ONU bèèrè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ náà pé: South Africa tí kò jáde ní Namibia yìí, kí ni òfin sọ? South Africa ní kí adájọ́ mẹ́ta má jókòó, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ní ONU. Ilé-ẹjọ́ kọ̀. Ignacio-Pinto kò sí nínú àwọn mẹ́ta náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti pẹ́ ní ONU.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1971, èsì jáde. Adájọ́ 13 sí 2. Wọ́n ní jíjókòó South Africa ní Namibia lòdì sí òfin, kí ó jáde kíá. Àwọn méjì tí kò gbà ni adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti adájọ́ Faransé. Ignacio-Pinto wà nínú àwọn 13. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì ní 1966 ni wọ́n ṣí lọ́jọ́ náà.

Ìyá ẹlẹ́wà, ẹnu kan náà kọ́. Agbẹjọ́rò ń gbẹnu sọ fún ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Òṣèlú ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tí ó dìbò fún un. Aṣojú ń sọ ohun tí ìjọba rán an. Adájọ́ kò gbọdọ̀ gbẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ìlú tí ó bí i pàápàá. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó le jù, nítorí ènìyàn yóò máa retí pé kí o gbè é.

Ní 1973, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Faransé ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò nínú òkun Pàsífíìkì. Australia àti New Zealand bẹ ilé-ẹjọ́ kí ó dá Faransé dúró ná, títí ẹjọ́ yóò fi parí. Adájọ́ mẹ́jọ gbà. Mẹ́fà kò gbà, Ignacio-Pinto sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà náà. Ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: òun kò fẹ́ irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ń ba orílẹ̀-èdè kan nìkan kò tó ohun tí òfin fi lè di ọwọ́ òmíràn. Èmi kì bá tí dìbò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ń gbé ní erékùṣù ibẹ̀ náà ní ọmọ. Ṣùgbọ́n ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, ó sì fọwọ́ sí i.

Ó kúrò lórí àga ìdájọ́ ní 1979. Ó kú ní 1984.

Namibia ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé kò ní ọlọ́pàá. South Africa kà á, ó sì jókòó síbẹ̀. Ogun ń lọ, ìdúnàádúrà ń lọ, ọdún 19 kọjá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ 13 yẹn. Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1990 ni Namibia gba òmìnira. Lọ́jọ́ náà pàápàá, alágbàtọ́ kò tíì kó gbogbo ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú oko: ó di èbúté Walvis Bay mú, níbi tí ọkọ̀ òkun ńlá ti ń gúnlẹ̀. Ọdún 1994 ni ó tó dá èyí padà.