Bí Ọjà Ṣe Kúrò Lẹ́bàá Ilé Olórí ní Ìbàdàn

Bí ènìyàn bá dúró ní orí òkè Mápó tí ó sì wo ìsàlẹ̀, yóò rí Ọjà-Ọba, ní àdúgbò ibi tí àwọn ológun tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829. Iwájú ilé olórí ìlú ni ọjà máa ń wà ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ó lè máa fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àwọn ará ìlú ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá kọ ojú sí ìwọ̀ oòrùn, Ilé Kòkó ni yóò rí ní Dùgbẹ̀, àti ìsọ̀ lórí ìsọ̀, láìsí ààfin kankan nítòsí wọn. Ta ni ó pe àwọn ọjà wọ̀nyí síbẹ̀? Èyí ni àwa fẹ́ wádìí.

Rélùwéè ni. Ní ọdún 1901 ni ó dé Ìbàdàn láti Èkó. Àwọn tí ó la ọ̀nà irin náà kò mú un wọ àárín ìlú. Apá ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ sí. Àwọn òyìnbó oníṣòwò sì tẹ̀lé e, nítorí ẹni tí ń ra kòkó àti ekuro kò ní fẹ́ kí ẹrù òun jìnnà sí ọkọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà ni à ń pè ní Gbági. Àwọn àgbà a máa sọ pé èèkàn igi tí àwọn awọnlẹ̀ gbá mọ́lẹ̀ ni ó fún un ní orúkọ náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì dé, àwọn tí a ń pè ní kòráà. Òpópó kan ní Gbági ṣì ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ Lẹ́bánónì.

Ẹni tí ó bá ka ìwé nípa Ìbàdàn yóò rí orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó wọ̀nyí dáadáa. Àwọn obìnrin ni kò ní rí tó. Ilé iṣẹ́ ńlá kì í ta iyọ̀ ní agolo kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í gé aṣọ ní ọ̀pá méjì fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń gba ọjà, tí wọ́n ń pín in wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń pàtẹ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, láàrin ibùdókọ̀ àti Gbági, níbi tí àgbẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó kòkó kò ti lè ṣe aláìkọjá. Lójú tiwa, àwọn ni wọ́n sọ ibùdókọ̀ di ọjà. Owó kòkó kan náà ni a fi kọ́ Ilé Kòkó, alájà 26, tí ó parí ní ọdún 1965.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ibẹ̀, odò Ògùnpa sì ń la àárín rẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, lẹ́yìn àrọ̀ọ̀dá òjò, odò náà kún bo ilé àti ìsọ̀. Ó ju 200 ènìyàn tí ó bá a lọ. Ìbàdàn kò gbàgbé Omíyalé náà.

Ìtàn Bódìjà yàtọ̀. Ilé gbígbé ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fẹ́ kọ́ síbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, kì í ṣe ọjà. Ní ọdún 1987 ni wọ́n kó àwọn oníṣòwò oúnjẹ wá síbẹ̀ láti Oríta Mẹ́rin, níbi tí ọkọ̀ àti ènìyàn kò ti rí àyè mọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni “kó” lẹ́nu ẹni tí a kò kó rí. Ìyá elélùbọ́ lè di igbá rẹ̀ sórí. Kò lè di oníbàárà rẹ̀, tàbí àwìn tí a kò kọ sínú ìwé, tí ó jẹ́ pé ọkàn ẹni méjì nìkan ni ó wà. Síbẹ̀ ọjà náà gbilẹ̀: ẹ̀wà àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya, èlùbọ́ láti Òkè Ògùn, àti pákó àti màlúù pẹ̀lú. Nígbà tí ó yá, ìjọba tún ní kí àwọn alápatà kúrò níbẹ̀ lọ sí Àmósùn. Ní ọdún 2018, ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò nínú rògbòdìyàn tí ó ti ibẹ̀ ṣẹ̀.

Ìjọba lè kó ọlọ́jà. Kò lè kó oníbàárà. Ní Àgbowó, ní ọ̀kánkán Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ilé ìtajà alájà púpọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ inú rẹ̀ ṣófo fún ọdún pípẹ́, nígbà tí àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn tí ń bá akẹ́kọ̀ọ́ da ìwé kọ tò sí etí títì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi ń pa kì í gun àtẹ̀gùn lọ ra búrẹ́dì.

Challenge, ní gúúsù ìlú, gba orúkọ rẹ̀ láti ara ilé ìtàwé Kristẹni ti ìjọ SIM. Ó dùn mọ́ àwa tí ń ṣiṣẹ́ ìwé pé àwọn awakọ̀ ń kígbe orúkọ ilé ìtàwé lójoojúmọ́, bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Ring Road ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́: a ti kọ iye owó mọ́ ara ọjà nínú àwọn ilé ìtajà ńlá ibẹ̀, kò sí ìdúnàádúrà, kò sì sí ẹni tí yóò fi ẹ̀ẹ̀nì lé e fún ọ.

Ọjà-Ọba ṣì wà ní ìsàlẹ̀ Mápó, bí rélùwéè kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí. Ní Ọjẹ̀ pẹ̀lú, ní ìtàdógún-ìtàdógún, àwọn aláṣọ òkè ṣì ń pàdé, àwọn ará Ìsẹ́yìn sì ń ru òfì wọn wá bá wọn níbẹ̀.