Aṣọ Ìbílẹ̀ Ni, àbí Aṣọ Eré?

Mo lọ kí màmá mi àgbà ní Amuro, nílẹ̀ Okun, mo sì gbé iṣẹ́ lọ: ọ̀rọ̀ Yorùbá ni mò ń wá fún fótò àwọn òṣèré ayé Ọbabìnrin Victoria. Mo fi ọ̀kan han màmá lórí fóònù. African Choir ni, àwọn ọ̀dọ́ akọrin láti Gúúsù Áfíríkà, tí London Stereoscopic Company yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1891. Wọ́n da awọ ẹran àti aṣọ bora. Mo ti kọ "aṣọ ìbílẹ̀" sábẹ́ rẹ̀.

Màmá wò ó títí. "Ṣé aṣọ tiwọn rèé, àbí wọ́n ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Olùkọ́ ní Kimberley ni Charlotte Manye, ọ̀kan nínú wọn, tí ayé wá mọ̀ sí Charlotte Maxeke. Aṣọ òyìnbó wà lára ohun tí wọ́n ń wọ̀ kọrin, awọ ẹran sì wà níbẹ̀ nítorí pé òun ni àwọn awòran ìlú Ọba fẹ́ rí. Nílẹ̀ Okun wa, níbi tí àwọn ará Bunu ti ń hun aṣọ pupa fún ìsìnkú àgbà láyé àtijọ́, a mọ aṣọ tí ènìyàn fi ń ṣe ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí a wọ̀ nítorí ojú ẹlòmíràn.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Carte de visite, fótò kékeré orí páálí tí Disdéri gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Paris ní 1854, tí àwọn ènìyàn ń ra ti òṣèré jọ: "káàdì ìbẹ̀wò" kò bá a mu rárá. A ti ní ìwé ìléwọ́. Fótò ìléwọ́ ni mo pè é. Aṣọ tí wọ́n ya igi àti òpó sí, tí wọ́n ta sẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń yà ní fótò, kì í ṣe aṣọ ìkélé. Ìkélé ń bo nǹkan. Èyí ń gbé ènìyàn lọ síbi tí kò dé rí. Mo kọ "aṣọ ẹ̀yìn".

Ohùn nìkan ló ya àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára awòran. Nínú fótò àwọn akọrin yìí, awòran ló yan aṣọ, kò sì sí nínú àwòrán.

Mo pa "ìbílẹ̀" rẹ́, mo kọ "eré". Màmá tún gba fóònù, ó ń fi ìka fẹ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí èwo ni olùkọ́ nínú wọn.