Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ẹyẹ: Láti Ìwé Swainson Dé Igbó Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ní ọdún 1964, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, John Elgood, Robert Sharland àti Peter Ward, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹyẹ ilẹ̀ yìí dunjú. Wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan jáde. Ẹni tó bá rí ẹyẹ tí kò wọ́pọ̀ á kọ ibi tó ti rí i àti ọjọ́ tó rí i, á fi ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà fẹjú kọjá Nàìjíríà, ó di ti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti 1979 sì ni ìwé ìròyìn rẹ̀ ti ń jẹ́ Malimbus. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn yìí kan àwa ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ, nítorí pé irú igbó tí wọ́n ń kọ̀wé lé lórí ni àwọn baba wa ti ṣọdẹ.

Kí ẹgbẹ́ tó dé ni ìwé ti dé. William Swainson ló kọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1789. Ó bá ilé iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní Malta àti Sicily, ó lọ sí Brazil ní 1816, ní 1818 ló kó ẹrù ẹyẹ àti kòkòrò gbígbẹ padà sílé. Onímọ̀ ni, ayàwòrán sì tún ni. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi òkúta tẹ àwòrán ẹyẹ. Gègé ọlọ́ràá ló fi ń ya ẹyẹ náà sórí òkúta pẹlẹbẹ. Wọ́n á fi omi rin òkúta náà, wọ́n á yí tàdáwà lé e, ibi tí ọ̀rá bá wà nìkan ni tàdáwà á lẹ̀ mọ́, wọ́n á wá tẹ bébà lé e. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe yà á náà ni yóò ṣe jáde, kò sí agbẹ́wòrán kankan láàárín tó lè ba ìrù ẹyẹ jẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi ọwọ́ kun ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà.

Ní 1837, Swainson gbé ìwé jáde lórí àwọn ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, apá méjì, nínú ọ̀wọ́ ìwé tí Sir William Jardine ń ṣe olóòtú rẹ̀ ní Edinburgh. Nígbà yẹn, Ọ̀yọ́ Ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni, ó sì ku ogójì ọdún gbáko kí Charles Phillips tó wá bójú tó iṣẹ́ ìjọ CMS ní Òde Oǹdó. Swainson alára kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa títí ó fi kú. Awọ gbígbẹ ló ń wò yà. Ẹni tó bá pa ẹyẹ á bó awọ rẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́, á fi òwú dí inú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi á gbé e lọ. Kó tó dé iwájú ayàwòrán, ojú ẹyẹ ti kúrò nílẹ̀, àwọ̀ ẹsẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ti ṣá. Ohùn rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà fò, kò sí èyí tí awọ lè sọ.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ọkùnrin náà kò ṣe nǹkan kan fún wa kò ṣòótọ́. Ẹyẹ kékeré kan wà tí a máa ń rí ní ẹ̀yìnkùlé ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, tó dúdú lórí, tó funfun níkùn, tí wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sórí koríko tó ti ṣu láti ṣa èso rẹ̀ jẹ. Nínú ìwé 1837 yẹn ni Swainson ti fún un ní cucullata, orúkọ tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ṣì fi ń pè é títí dòní.

Nǹkan mìíràn tó ṣe kò lọ́jọ́ iwájú. Ó gbà tọkàntọkàn pé gbogbo ẹ̀dá ni Ọlọ́run tò ní agbo márùn-ún márùn-ún, ó sì fi agídí tò gbogbo ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dàgbà tó ṣí lọ sí New Zealand, ìjọba pè é sí Australia láti wá wo igi, ó sì ní òun ka irú igi eucalyptus 1,520. Àwọn onímọ̀ ewéko fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ni. Ó kú ní 1855.

Elgood ló wá gbé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ wọnú igbó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ló ti ń kọ́ni nípa ẹranko. Nínú igbó tó yí ìlú náà ká, ẹ̀yà ẹ̀gà kan wà tó dúdú lára, tó pupa lórí àti láyà. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́ pọ̀ nínú igbó kan náà, ojú tó mú ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Elgood yà á sọ́tọ̀, ó sì kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1958, ó pè é ní Malimbus ibadanensis. Ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Yorùbá kò pọ̀ láyé. Ní 1960, ó kọ ìwé mìíràn lórí ẹyẹ inú ìlú àti ọgbà, ó sì tún ṣe àkójọ gbogbo ẹyẹ Nàìjíríà, èyí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ̀ ní 1994.

Lójú tèmi, ohun tí Elgood fi borí Swainson ni pé ó ń gbé níbi tí ẹyẹ ń gbé. Ẹ wo ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ wa. Akọ á ya ewé ọ̀pẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́, á fi hun ilé, á wá dorí kodò lẹ́nu ilé náà, á máa gbọn apá kí abo lè wá wò ó. Bí kò bá sí abo tó gbà, tí ewé náà gbẹ tó pọ́n, akọ náà fúnra rẹ̀ á tú ilé ká, á tún hun tuntun. Kò sí awọ gbígbẹ tó lè fi èyí hàn ẹnikẹ́ni. Ọdẹ ilẹ̀ wa ti mọ̀ ọ́n kí ẹgbẹ́ kankan tó wà, ṣùgbọ́n ẹ wo èèpo àwọn ìwé tí mo dárúkọ yìí, ẹ kò ní rí orúkọ ọdẹ kan níbẹ̀.

Igbó tí ọdẹ ti mọ̀ ọ́n ń tán lọ. Nínú igbó ọba Olúwà, wọ́n gé igi ìbílẹ̀ lulẹ̀, wọ́n gbin mẹ̀láínà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bébà ní Ìwópin. Kòkó àti pákó gba púpọ̀ nínú ìyókù. Ẹyọ igbó kékeré tí wọn kò fọwọ́ kàn nínú igbó ọba Àkúrẹ́, lápá Àpọ́nmù, ṣì wà. Odídẹrẹ́ tí ìkó rẹ̀ ń bẹ lára adé àwọn ọba wa, 2016 ni àjọ àgbáyé kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ńlá, wọ́n sì fi òfin de títà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹ̀gà Ìbàdàn náà wà nínú ewu. Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìpẹru àti Ìlaròó ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, Ifẹ̀ kò sì jìnnà sí Oǹdó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí ẹ ń kọ́ nípa ẹranko igbó, àti ẹ̀yin ti ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó, ẹ mú ẹ̀rọ awòjíjìn, kí ẹ wọ igbó Àpọ́nmù, Ìdànrè àti Olúwà láti wá ẹ̀gà pupa-dúdú yìí. Ẹ mú bàbá ọdẹ dání lọ. Bí ó bá pe ẹyẹ kan lórúkọ, ẹ gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí ẹyẹ náà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, pẹ̀lú orúkọ ọdẹ náà lórí rẹ̀.